Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Amẹ́ríkà àti Kúbà, Ìjà Aládùúgbò Tí Kò Parí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Nínú ìwé wa tó kọjá, níbi tí mo ti ń kọ nípa iná mànàmáná, mo kàn fẹnu bà á pé Kúbà náà wà nínú òkùnkùn, àti pé ìjà òun àti Amẹ́ríkà wà lára ohun tó fà á. Ìlà kan péré ni. Lẹ́tà tó wọlé lórí ìlà kan yẹn ju ti gbogbo ìyókù lọ, torí náà mo fi gbogbo ojú ewé tòní sílẹ̀ fún un.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ fóònù ni mò ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè wọ́n mú iná lọ, gbogbo wa bọ́ síta, la bá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ Kúbà tí ẹ kọ. Ẹnì kan ní Amẹ́ríkà ló fún wọn lọ́rùn, ẹlòmíì ní irọ́ ni, kọ́múníìsì ló pa wọ́n, pé ìjọba tó bá gba gbogbo nǹkan sọ́wọ́ ara ẹ̀ kò lè rówó ra dísù. Ó fẹ́ẹ̀ dìjà o. Ta ló jàre? Àti pé kí ni erékùṣù kékeré yẹn ṣe fún Amẹ́ríkà gan-an? (Alátùn-únṣe fóònù, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ lẹ́nu, ohun tó kàn ba ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ ni pé kálukú fẹ́ fi ìdajì tiẹ̀ ṣe odidi. Ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ. Tá a bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti orí kọ́múníìsì, àárín la ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí ìjà náà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí Fidel Castro, tó wá di olórí Kúbà, rárá.

Láti Kúbà dé ìpẹ̀kun ilẹ̀ Florida ò ju nǹkan bíi máìlì 90 lọ, ìrìn Àkúrẹ́ sí Ìbàdàn lórí títì jù ú lọ. Aládùúgbò ni wọ́n. Sípéènì ló ń jọba lé Kúbà lórí tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ Kúbà sì ti ń bá a jà láti 1868, èyí tó pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kí Amẹ́ríkà tó dá sí i ní 1898. Sípéènì kó lọ lóòótọ́, àmọ́ sójà Amẹ́ríkà ò lọ. Kí wọ́n tó gbà kí Kúbà dá dúró ní 1902, wọ́n ní àfi kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìlú náà pé Amẹ́ríkà lè wọlé wá nígbà tó bá rí i pé nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ. Ó dà bí ẹni tó bá ẹ lé olè jáde nínú ilé, tó wá mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìnkùlé dání lọ.

Ibẹ̀ náà ni Guantanamo, ibùdó ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà lórí ilẹ̀ Kúbà, ti wá. 1903 ni wọ́n gba ilẹ̀ etí òkun yẹn bí ayálégbé, nígbà tó sì di 1934 wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àdéhùn náà ò ní parí àfi tí àwọn méjèèjì bá jọ gbà tàbí tí Amẹ́ríkà bá fúnra ẹ̀ kó jáde. Owó ilẹ̀ náà jẹ́ 4,085 dọ́là. Lọ́dún ni mo wí o, kì í ṣe lóṣù. Ìjọba Castro gba ẹyọ sọ̀wédowó kan ní 1959, wọ́n ní àṣìṣe ni, látìgbà náà wọn ò lọ gba òmíì ní báǹkì mọ́. Castro ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì ẹ̀ nígbà kan fáwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n, àwọn sọ̀wédowó yẹn ló dì gbàgà síbẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ ipò kan sí tí kò tiẹ̀ sí ní Kúbà mọ́. Dúrọ́ọ̀ yẹn máa ń wá sọ́kàn mi. Ẹni tó ń sanwó ní òun ò jẹ gbèsè, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní tóun bá fi lè ná kọ́bọ̀ níbẹ̀, òun ti gbà nìyẹn pé ayálégbé ni ẹni yẹn, kì í ṣe ajagungbalẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣẹjọ́ ilẹ̀ rí ní Àkúrẹ́ yìí ò ní bi mí pé kí ni mò ń sọ.

Nígbà tó fi máa di pé Castro lé Batista, apàṣẹwàá tó ń jọba níbẹ̀, lọ lọ́jọ́ kìíní ọdún 1959, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná ìlú yẹn, ló ni tẹlifóònù, ló ni ilẹ̀ ìrèké lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Castro bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀. Ní 1960 ó ra epo rọ̀bì lọ́wọ́ Sófíẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìjọba Rọ́ṣíà àtijọ́ tó ń bá Amẹ́ríkà ṣọ̀tá, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fọ epo ní àwọn ò ní fọ̀ ọ́, ló bá gbà wọ́n. Amẹ́ríkà ní òun ò ra ṣúgà Kúbà mọ́, ló bá gba èyí tó kù. Amẹ́ríkà ní ká má ta ọjà fún wọn mọ́, Sófíẹ́ẹ̀tì ní òun á rà òun á sì tà. Èyí gbá èyí létí, ìyẹn fi ẹ̀ṣẹ́ dá a lóhùn. Nígbà tó di oṣù kẹrin 1961, nǹkan bí 1,400 ọmọ Kúbà tó sá lọ, tí Amẹ́ríkà dá lẹ́kọ̀ọ́ tó sì fún níbọn, balẹ̀ sí etí òkun tí wọ́n ń pè ní Bay of Pigs láti wá gbàjọba, kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó fọ́ mọ́ wọn lórí. Ọjọ́ kan péré kí wọ́n tó balẹ̀ ni Castro ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu ara ẹ̀ sọ níta gbangba pé ìjọba sósíálíìsì ni tòun. Ìyẹn ni mo ṣe ní àárín ni kọ́múníìsì bọ́ sí. Nígbà tó di oṣù kejì 1962, Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sé ọjà mọ́ Kúbà pátápátá, ìyẹn ló ṣì wà nílẹ̀ dòní. Gbèsè dúkìá yẹn náà ò tíì tán, ẹ̀sùn 5,913 làwọn ará Amẹ́ríkà àti ilé iṣẹ́ wọn ní tí ìjọba wọn fòǹtẹ̀ lù, owó ẹ̀ tó bíi bílíọ̀nù dọ́là kan àti mílíọ̀nù lọ́nà 900, láìtíì ka èlé.

Ohun tó wá ń dùn mí ni ẹni tí wọ́n ń sé ọjà náà mọ́. Lóṣù kẹrin 1960, ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, Lester Mallory, kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé àwọn aráàlú tó pọ̀ jù ló fẹ́ràn Castro, torí náà ọ̀nà tó kù ni kí wọ́n má jẹ́ kí owó àti ọjà wọlé, kí ebi pa wọ́n, kí wọ́n lè dìde lé e. Ebi o! Ebi wá di ohun ìjà. Láti ọdún 2000 òfin ti gbà káwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ta oúnjẹ fún Kúbà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú adìyẹ inú yìnyín tí wọ́n ń jẹ ní Havana, olú ìlú Kúbà, Amẹ́ríkà náà ló ti ń wá, àmọ́ owó gbọ́dọ̀ délẹ̀ kí ọjà tó kúrò, kò sí àwìn. Ìwọ tó ò ń gba skríìnì lọ́wọ́ àwọn ará Èkó, ro ó wò ná, kí wọ́n ní ìwọ nìkan ò gbọdọ̀ ra nǹkan kan láwìn láyé ẹ, kí wọ́n tún ní mọ́tò tó bá já ẹrù sí ṣọ́ọ̀bù ẹ ò gbọdọ̀ wọ ọjà tó tóbi jù fún oṣù mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òfin 1992 wí, ọkọ̀ ojú omi tó bá lọ ṣòwò ní Kúbà ò gbọdọ̀ já tàbí kó ẹrù ní Amẹ́ríkà fún ọjọ́ 180.

Ó wá kan ìdajì kejì. Ẹni tó ní kọ́múníìsì ló pa wọ́n, kò purọ́ tán. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà, ìjọba ló ń ra ohun tí àgbẹ̀ gbìn ní iye tó wù ú. Àwọn bàbá wa tó ta kòkó láyé Cocoa Board mọ bó ṣe máa ń rí tí ẹnì kan ṣoṣo bá jẹ́ oníbàárà ẹ, tó tún jẹ́ òun náà ló ń dá iye lé e, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló pa oko tì. Nígbà táwọn ọmọ Kúbà jáde sígboro lọ́jọ́ 11 oṣù keje 2021 tí wọ́n ní ebi ń pa àwọn, iná ò sí, òmìnira làwọn fẹ́, ìjọba wọn kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn sẹ́wọ̀n, òmíràn gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyẹn ò lọ́wọ́ Amẹ́ríkà nínú. Ọ̀rọ̀ iná tó dá ìjà yín sílẹ̀ náà, lóṣù kẹwàá 2024 ilé iṣẹ́ mànàmáná Antonio Guiteras ní Matanzas dákú, gbogbo erékùṣù náà ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èèyàn bíi mílíọ̀nù 10. Ẹ̀rọ ti gbó, pááàtì ṣòro rà torí òfin Amẹ́ríkà, owó epo ò sí, síbẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì gogoro fún àlejò ni ìjọba wọn ń kọ́ ní gbogbo àsìkò tí ẹ̀rọ iná ń jẹrà lọ.

Tó o bá ní kí èmi dá a, mo ní kí Amẹ́ríkà ṣí ọjà yẹn sílẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti sé e, ìjọba tí wọ́n tìtorí ẹ̀ sé e ò kúrò, ìyá tó ń tò fún búrẹ́dì ló ń jìyà ẹ̀, àwọn tó ń jọba sì rí nǹkan tọ́ka sí nígbà gbogbo tí àṣìṣe tiwọn bá hàn. Sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ kí wọ́n má jà o.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ò rí i ni? (Bàbá Kẹ́hìndé, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Wọ́n rí i sà. Láti 1992 ni wọ́n ti ń dìbò sí i lọ́dọọdún ní New York pé kí Amẹ́ríkà dáwọ́ ẹ̀ dúró, orílẹ̀-èdè tó pọ̀ jù ló ń gbà bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà náà wà lára wọn. Ní 2016, nígbà Obama, Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ ò dìbò takò ó, 191 gbà, kò sẹ́ni tó ní rárá. Àmọ́ ìbò yẹn ò de ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1996 ti gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́ àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, ààrẹ kan ò lè dá nìkan fagi lé e, ó kàn lè tú u díẹ̀ tàbí kó fún un pọ̀ sí i. Ìyẹn lẹ ṣe ń rí i tí èyí ń tú, tí èyí ń fún.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Òǹdó. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Kúbà yìí fẹ́ẹ̀ dá ogun bọ́ǹbù átọ́míìkì sílẹ̀ nígbà kan. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n ń bù ú mọ́ ọn? (Ọmọ Ẹkìmọgún)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, ọmọ Ẹkìmọgún, ẹnikẹ́ni ò bu nǹkan kan mọ́ ọn. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá 1962, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní U-2 ya fọ́tò láti òkè réré, wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé Sófíẹ́ẹ̀tì ti ń to mísáìlì sí Kúbà, irú èyí tó lè gbé bọ́ǹbù átọ́míìkì dé Washington. Kí ló dé tí Kúbà gbà á? Ìrántí àwọn tó balẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú ṣì wà lọ́kàn wọn, wọ́n mọ̀ pé Amẹ́ríkà lè padà wá. Sófíẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀ ń bínú pé Amẹ́ríkà ti to tiẹ̀ sí Tọ́kì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Kennedy bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ 22, ó ní ọkọ̀ ogun òun á dí ojú òkun, kò sí ohun ìjà tó máa kọjá.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 27, ló burú jù. Wọ́n yìnbọn já U-2 kan lulẹ̀ lórí Kúbà, awakọ̀ ẹ̀ kú. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ọkọ̀ abẹ́ omi Sófíẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ B-59 há sísàlẹ̀ òkun, àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ń ju bọ́ǹbù kéékèèké sí i lókè kó lè jáde, bátìrì ń kú lọ, ooru mú débi pé àwọn kan ń dákú nínú ẹ̀, wọn ò gbúròó ilé, wọn ò mọ̀ bóyá ogun ti bẹ́ lókè tàbí kò tíì bẹ́, ohun ìjà átọ́míìkì kan sì wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ tí àwọn Amẹ́ríkà tó ń juko sí wọn ò mọ̀. Wọ́n ní ọ̀gá ọkọ̀ ní kí wọ́n yìn ín. Ọ̀gá kan tó wà pẹ̀lú wọn, Vasili Arkhipov, ní rárá, ó rọ̀ ọ́, ó rọ̀ ọ́, títí tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ jáde sójú omi. Mo máa ń fẹ́ káwọn ọmọ ilé ìwé mọ orúkọ ọkùnrin yẹn. Òkùnkùn, ooru, ẹ̀rù, kí ọ̀gá ọkọ̀ sì máa sọ pé yìn ín, yìn ín.

Ní ọjọ́ kejì, Khrushchev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, ní òun á kó mísáìlì òun lọ. Amẹ́ríkà ṣèlérí pé òun ò ní gbógun wọ Kúbà, ó sì tún ṣèlérí ní kọ̀rọ̀ pé òun á kó tòun náà kúrò ní Tọ́kì. Ẹ wá wò ó o, wọn ò pe Castro síbẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ jà lé lórí, àwọn èèyàn ẹ̀ ni bọ́ǹbù ì bá kọ́kọ́ jó, inú ìròyìn ló ti gbọ́ pé wọ́n ti parí ìjà. Inú bí i burúkú, mi ò sì bá a wí lórí ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọkọ mi ní kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Kúbà, pé ẹ fi ojú ewé ṣòfò. Ọmọ wa tó wà ní Texas náà ní àwọn ọmọ Kúbà tó wà níbi iṣẹ́ òun gan-an ló ń ní kí Amẹ́ríkà túbọ̀ fún wọn mọ́lẹ̀. Ta la wá fẹ́ gbà gbọ́? (Ìyá Tóbi, Alágbàká)

ÌDÁHÙN: Ìyá Tóbi, ẹ bá mi kí Bàbá Tóbi, ẹ ní mo gbọ́. Àwọn ọmọ Kúbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ní Texas, ẹ má bínú sí wọn. Òmíì nínú wọn, ilé bàbá ẹ̀ ni ìjọba gbà, òmíì, ẹ̀wọ̀n ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà, òmíì sì bá inú òkun wá. Lóṣù kọkànlá 1999, àwọn apẹja rí ọmọ kékeré kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà lójú òkun Florida, Elián González, orí tíúbù táyà ló wà, irú tíúbù tí àwọn fọkanáísà wa ń fẹ́ lẹ́bàá títì yìí. Ọkọ̀ tí wọ́n bá wá ti dànù, ìyá ẹ̀ ti kú sómi. Àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ní Miami ní kò ní padà, bàbá ẹ̀ ní Kúbà ní ẹ fún mi lọ́mọ mi, oṣù méje ni wọ́n fi fa ọmọ náà, ó débi pé agbófinró pẹ̀lú ìbọn já wọlé láàárọ̀ kùtù lọ gbé e, kó tó padà sílé lóṣù kẹfà 2000. Ọmọ tí kò tíì sunkún ìyá ẹ̀ tán di àsíá ìjà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè méjì. Tí mo bá ń sọ pé kí wọ́n yanjú ẹ̀, irú àwọn wọ̀nyẹn ni mò ń wò.

Ohun tó kàn wá ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ wa ló kàn wá, Mà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ fọ́, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, Kúbà ni wọ́n ta ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sí, wọ́n ń gé ìrèké níbẹ̀ títí di 1886 tí òfin ẹrú tó kásẹ̀ nílẹ̀. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní 1843, obìnrin Lukumí kan, Carlota, wà lára àwọn tó kó ẹrú sòdí dìde lóko ìrèké Triunvirato ní Matanzas, wọ́n pa á síbẹ̀. Matanzas yẹn náà ni ilé iṣẹ́ iná tó dákú yẹn wà. Nígbà tí Kúbà kó sójà lọ sí Àǹgólà ní 1975 láti bá wọn lé sójà àwọn òyìnbó South Africa padà, orúkọ Carlota ni wọ́n fi pe ogun náà, ó sì lé ní 300,000 ọmọ Kúbà tó lọ síbẹ̀ láàárín ọdún 16. Inú Amẹ́ríkà ò dùn sí i rárá. Àmọ́ Mandela, tí wọ́n tú u sílẹ̀, kò jẹ́ kó pẹ́ tó fi dé Kúbà ní 1991, ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Lọ́jọ́ ọdún Ògún, tí ẹ bá lọ sí Òǹdó, ẹ ó rí màrìwò lẹ́nu mọ́tò. Ní Kúbà náà, màrìwò ni wọ́n ń ta fún Ògún, màrìwò náà ni wọ́n sì ń pè é. Ọjọ́ 17 oṣù kejìlá, ọjọ́ Ọbalúayé ni lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ yẹn gan-an ni Obama àti Raúl Castro, àbúrò Fidel tó jẹ́ ààrẹ Kúbà nígbà náà, jáde sọ̀rọ̀ ní 2014 pé àwọn fẹ́ parí ìjà, kí gbogbo ẹ̀ tó tún dàrú, ọ̀pọ̀ ní Havana ní Ọbalúayé ló gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn.

Mo ní fídíò kan lórí fóònù mi, bàbá àgbà kan ní Havana ló ń júbà nínú ẹ̀ lórí ẹní. Mo gbé e fún ìyá mi gbọ́ ní Òkè-Àró lọ́jọ́ kan, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn ò mọ Kúbà sí Kánádà. Bàbá yẹn ní "moyúbà", ohùn ẹ̀ ti yí díẹ̀, ìyá mi gbé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sún mọ́ fóònù, wọ́n ní "ìbà á ṣẹ." Wọ́n ní kí n tún un gbé, mo tún un gbé. Wọ́n ní ibo làwọn èèyàn yìí wà, mo ṣàlàyé, mo sọ̀rọ̀ ẹrú, mo sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà, mo sọ ti òkùnkùn tí wọ́n wà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti mú iná wá fún wọn báyìí?"